Orúnkún Gómìnà

Orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀ kí ó tó rántí pé gómìnà ni òun.

Ẹnikẹ́ni kò tì í, kò sì fẹsẹ̀ kọ. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ló ṣí lọ́sàn-án gangan, ohùn àgbàlagbà kan ló pè é ní "Àwẹ̀ró!", orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì ṣe ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ. Kí Ìbíyẹmí Láṣebìkan tó mọ ohun tó ń ṣe, kápẹ́ẹ̀tì ti wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti sọ "Ẹ káàsán, Màmá" tán. Ẹ má bínú sí i. Bí ẹ̀yin náà bá wà níbẹ̀, ẹ̀ bá ti kúnlẹ̀.

Ẹ̀gbà irin méjì ló wà ní orúnkún rẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ọjọ́ tó búra ni wọ́n ti dè é mọ́ ọn, láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti tutù bí omi inú àmù. Ní báyìí, wọ́n ti ń gbóná. Ó fa etí ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀. Iná pupa kan ti yọ lójú ẹ̀gbà náà, ó tínrín bí òwú, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí orúnkún rẹ̀ ká.

"Ìkúnlẹ̀ ti wọlé," ohùn kan sọ nínú etí rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Gómìnà Ìpínlẹ̀ Odò-Ọ̀bà ti kúnlẹ̀ fún ènìyàn kan. A ń dúró de ìdáhùn."

Ẹlẹ́rìí ni. Ó wà ní igun yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tó ti ń dúró láti ọdún mẹ́ta: ẹ̀rọ dúdú kan tó ga dé àyà ènìyàn, tó ní ojú gíláàsì kan ṣoṣo tí kì í pajú dé. Ibi tí gómìnà bá lọ, ó ń tẹ̀lé e. Bí gómìnà bá fẹ́ wẹ̀, ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ ló ń dúró sí. Kò níkà nínú, kò sì láàánú. Ohun tó bá rí ló ń rò fún ìjọba, inú etí gómìnà àti ti olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀ nìkan ló sì ti ń sọ̀rọ̀, nítorí náà Màmá kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀rù ba Gómìnà.

Lẹ́yìn Màmá, lẹ́nu ilẹ̀kùn, Bísíríyù dúró, ó la ẹnu sílẹ̀. Òun ni olórí òṣìṣẹ́ ìjọba, òun kan náà ló sì máa ń gbé gbohùngbohùn kiri fún un nígbà tó ń dupò kánsẹ́lọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa sọ "bẹ́líìtì" sí Gómìnà létí kí àgbàlagbà kankan tó wọlé. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, Gómìnà á jókòó, wọ́n á fa tábìlì dé ìbàdí rẹ̀, bẹ́líìtì á de itan rẹ̀ mọ́ àga, kí orúnkún má baà ṣèèṣì, kí wọ́n tó jẹ́ kí àlejò kọjá. Ọ̀pọ̀ ọba, ọ̀pọ̀ bíṣọ́ọ̀bù àti ìmáàmù, ìjókòó ni Gómìnà fi kí gbogbo wọn láti ọdún mẹ́ta. Àfi òní tó tú bẹ́líìtì náà, tó ní kí òun na ẹsẹ̀ díẹ̀, kí òun wo ojú òde.

"Oòrùn ń pa wọ́n níta, Ọ̀gá," Bísíríyù sọ. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ yọ sí yín lójijì ni. Mo... mi ò lè ní kí wọ́n dúró."

Kò lè ní kí wọ́n dúró. Èwo nínú ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ló máa ní kí ìyá arúgbó dúró sínú oòrùn nítorí bẹ́líìtì? Òun náà ṣèèṣì ni.

"Jẹ́ n wò ẹ́," Màmá sọ. Wọ́n fi ọ̀pá rìn wá sí àárín yàrá, wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, wọ́n ń fi ojú wá ojú ọmọ wọn. "Hẹn-ẹn. O ti rù. Ṣé wọn kì í fún gómìnà lóúnjẹ ni?"

"Wọ́n ń fún mi, Màmá."

"Irọ́ ni. Mo gbé róbó wá fún ẹ. Ọdún mẹ́ta, Àwẹ̀ró! Ojú ẹ tó wà lára ògiri ni mò ń rí. Mo bá ojú ògiri sọ̀rọ̀ títí, kò dá mi lóhùn. Mo wá wọ ọkọ̀ tí kò ní dírẹ́bà yẹn, mo dárúkọ mi fún un, mo ní kó gbé mi lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi. Ó ní ọmọ wo? Mo ní gómìnà. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ìgbà tó yá, ó gbéra."

Màmá Fẹ̀hìntọlá kì í ṣe ìyá tó bí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni wọ́n, àwọn ni wọ́n tọ́ ọ dàgbà ní Òkè-Àgbède lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Wọ́n kéré lára, wọ́n wọ bùbá funfun. Ní ìsàlẹ̀ ọrùn wọn, iná aláwọ̀ ewé kékeré kan ń ṣẹ́jú lábẹ́ bùbá náà. Ẹ̀rọ ọkàn ni. Ní gbogbo ìgbà tí iná náà bá ṣẹ́jú, orúkọ Màmá ló ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba, ìjọba a sì dá a lóhùn pé orúkọ náà wà lọ́dọ̀ òun, ọkàn a tún lù lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí gbogbo nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn ní Odò-Ọ̀bà. Ilẹ̀kùn, ọkọ̀, omi, ilé ìwòsàn: dárúkọ rẹ, á dá ọ lóhùn.

Gómìnà tẹjú mọ́ iná aláwọ̀ ewé náà. Kò lè mójú kúrò.

Ó mọ òfin náà ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí pé òun ló gbé e wá. Aṣòfin ni nígbà náà. Gómìnà tó wà lórí oyè ń lọ sílé Olóyè Atóyèbí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á sì gbọ́ ohun tí yóò ṣe lọ́sẹ̀ náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Atóyèbí ni baba ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ìbíyẹmí dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní bí a kò bá lè rí ẹni tó ń darí gómìnà, kí ara gómìnà fúnra rẹ̀ fi onítọ̀hún hàn wá. Kí ọkùnrin gbé irin sí àyà, kí obìnrin gbé e sí orúnkún. Ẹni tí gómìnà bá tẹrí ba fún, tí ó sì gbà á, tí ó ní "dìde" tàbí tí ó gbé ọwọ́ lé e lórí, òun ni baba ìsàlẹ̀, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀. Gómìnà yóò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn aṣòfin pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan wá béèrè pé, bí gómìnà bá dìde kí wọ́n tó dá a lóhùn ńkọ́? Ó ní gómìnà yẹn ń fi ẹni tó ni ín pamọ́ nìyẹn, kí wọ́n yọ orúkọ tirẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún bá kàn dákẹ́ ńkọ́? Ó ní bí iná bá ti rìn yí irin ká tó pàdé ara rẹ̀, a ti ka ìdákẹ́ sí ìdáhùn. Bí ẹnì kan bá lọ ṣàlàyé òfin fún onítọ̀hún lórí ìkúnlẹ̀ ńkọ́? Kí wọ́n yọ orúkọ òun náà. Gbogbo ihò tí eku lè gbà ló dí pa lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn sí ọgbọ́n ara rẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn tí wọ́n yọ orúkọ Atóyèbí, ó rí i lẹ́ẹ̀kan. Bàbá náà dúró níwájú ẹ̀rọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ètè rẹ̀ ti bó. "Atóyèbí," ó ń sọ fún ẹ̀rọ náà. "Atóyèbí ni mí. Atóyèbí." Ẹ̀rọ kò dáhùn. Àwọn tó gbé ife lọ́wọ́ ń yí i ká, wọ́n ń dárúkọ tiwọn, wọ́n ń bu omi. Ó lòdì sí òfin láti bu omi fún ẹni tí kò lórúkọ. Aṣòfin Ìbíyẹmí yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sókè, ó sì kọjá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló jáde dupò gómìnà, gbogbo ògiri ìpínlẹ̀ ló sì ń kọrin kan náà: Ìbíyẹmí Kò Ní Kúnlẹ̀!

Ó wá kúnlẹ̀ báyìí.

"Màmá," ó sọ, ó ń fi ipá mú ohùn rẹ̀ balẹ̀, "ẹ ò kì mí. Ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń kí mi tẹ́lẹ̀ ni?"

Ohun kan ṣoṣo tó wá sí i lọ́kàn nìyẹn. Màmá kì í ní kí ọmọ dìde láìtíì kì í tán. Nígbà tó wà ní kékeré, orúnkún a máa dùn ún nítorí rẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ a ti kí ìyá wọn, wọn a ti sá lọ ṣeré, òun a ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń ti orí baba kan bọ́ sórí baba mìíràn. Ní báyìí, bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n kì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ojú Màmá mọ́lẹ̀. "Hàáà! O ṣì ń rántí. Àwẹ̀ró, ọmọ Láṣebìkan. Ọmọ onílé ọ̀nà odò. Ọmọ ọkùnrin tó sọdá nínú àgbàrá, tí fìlà rẹ̀ kò tutù. Wọ́n ní kó pa dà, ó ní ọ̀nà ẹ̀yìn jìn ju ti iwájú lọ..."

Iná pupa náà ń rìn. Kò yára, kò sì dúró. Gómìnà ń fi etí kan gbọ́ oríkì rẹ̀, ó ń fi ọkàn wọn iye tó kù. Ṣé kí òun sọ fún wọn? Òfin yóò yọ orúkọ òun bí òun bá ṣàlàyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dí i lẹ́nu. Ó mọ Màmá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu àwọn ló lè gba ọmọ àwọn là, wọn kò ní ronú rárá. Wọ́n á sọ ọ́ kí òun tó parí àlàyé. Wọ́n á sọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"...ọmọ Ìbídùn tó fi ìgbátí kọ́ ọlọ́pàá lẹ́kọ̀ọ́," Màmá ń bá a lọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé ọ̀pá sí ọwọ́ òsì. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún sí orí rẹ̀.

Gómìnà fa orí sẹ́yìn kíákíá, ọrùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀.

"Kí ló dé?" Ọwọ́ Màmá dúró lófuurufú. "Orí ń fọ́ ẹ ni?"

"Irun mi ni, Màmá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì í ni. Ó ń dùn mí."

"Ta ló dì í tó fi le báyẹn? Ẹ̀rọ ni, àbí? Mo mọ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé orí ènìyàn lòun ń dì." Wọ́n dá ọwọ́ pa dà. "Pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n inú mi dùn o. Wọ́n ń sọ ní Òkè-Àgbède pé o ò ní kí mi mọ́, pé òfin ní kí o má kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ẹ dákẹ́ ariwo. Òfin àwọn olóṣèlú nìyẹn. Kí ló kan èmi níbẹ̀? Èmi ò ṣe òṣèlú rí láyé mi."

Bísíríyù káwọ́ lórí.

"Ìdajì ti kọjá," Ẹlẹ́rìí sọ nínú etí.

"Màmá," Bísíríyù sọ lójijì, ó ń fi ọwọ́ nu òógùn ojú. "Màmá, ilẹ̀ yẹn mà le o. Kápẹ́ẹ̀tì náà kò nípọn rárá."

"Bísíríyù!"

"Mo kàn ní ilẹ̀ le ni, Ọ̀gá."

"Ìkìlọ̀ fún olórí òṣìṣẹ́," ohùn náà sọ. "Ẹ má ran ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún lọ́wọ́."

Bísíríyù rìn yí Màmá ká, ó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gómìnà bí ẹni tó fẹ́ tún etí kápẹ́ẹ̀tì ṣe. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, omi sì wà lójú rẹ̀. "Màmá ti jẹ ayé, Ọ̀gá. Ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Bí ẹ bá dìde báyìí, ẹ̀yin lẹ máa kú, tí ẹ ṣì ń rìn kiri. Ẹ rántí ohun tí Atóyèbí dà. Gbogbo wa tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ògiri ìdíwọ́ omíyalé tí a kò tíì mọ parí ńkọ́? Ẹ kàn dákẹ́ ni, Ọ̀gá. Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn dákẹ́."

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù tó le jù bà á, kì í sì í ṣe ẹ̀rọ ló bẹ̀rù. Ohun kan gbéra nínú òun fúnra rẹ̀, ó ní: òótọ́ ló sọ. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. O kò ní fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ìwọ yóò kàn kúnlẹ̀ níbí bí ọmọ gidi, wọn yóò kàn súre fún ọ bí ìyá gidi, ẹ̀rọ ni yóò sì ṣe ìyókù. O lè sin wọ́n dáadáa. O lè fi orúkọ wọn sọ ilé ìwòsàn.

Ó ti ń ro irú ilé ìwòsàn tó máa jẹ́. Ó gbá ara rẹ̀ mú nídìí èrò náà. Orúnkún yìí ló gbé e wọ káńsù. Màmá ló kọ́ ọ. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde dupò, àwọn ni wọ́n ń tẹ̀ lé e láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń sọ pé, kúnlẹ̀ dáadáa, Àwẹ̀ró, má fi ẹsẹ̀ kan kúnlẹ̀ kí o fi ìkejì dúró, àgbà máa mọ̀. Àwọn ènìyàn sì mọ̀. Wọ́n dìbò fún un láti káńsù dé ilé ìgbìmọ̀, wọ́n sọ ọ́ di olórí ilé, nítorí pé kì í kúnlẹ̀ ẹ̀tàn. Ìyá tó kọ́ ọ nìyẹn ni ó ń ro bí òun yóò ṣe sin.

"Kí lẹ̀ ń sọ sí etí ara yín?" Màmá béèrè. "Ìwọ ọmọ yìí, o ti mú kí n gbàgbé ibi tí mo dé. Ó ti tó, jàre. Àwẹ̀ró, ó yá, dì..."

"Màmá!" Ó pariwo débi pé Màmá fò sókè. Kò tíì já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ wọn lẹ́nu rí láyé rẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kò tíì dé orí bàbá-ńlá mi. Èyí tó kọ ilé alájà. Ẹ ò kì í fò ó."

Màmá wò ó. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wo òógùn tó wà níwájú orí rẹ̀.

"Àwẹ̀ró. Kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù?"

"Kò sí, Màmá."

"Mo ní kí ló ń bà ẹ́ lẹ́rù? Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ dàgbà, mo mọ ojú yẹn. Ojú tí o ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá ẹ wọlé nìyẹn."

"Iná fẹ́ pàdé," Ẹlẹ́rìí sọ.

Ó wo ìsàlẹ̀. Àlàfo tó kù lójú ẹ̀gbà náà kò ju ìbú ìka lọ. Bí ó bá pàdé, Màmá ti gbà á nìyẹn, láìsọ ohunkóhun. Ó wo iná aláwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú ní ìsàlẹ̀ ọrùn wọn, tó ń béèrè, tí wọ́n ń dá a lóhùn. Bísíríyù di etí aṣọ rẹ̀ mú. Ó já ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Ó dìde.

Láyé rẹ̀, kò dìde níwájú Màmá rí láìjẹ́ pé wọ́n ní kó dìde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó fi ọwọ́ ti ilẹ̀, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó wá dúró, ó ga ju ìyá náà lọ, ó sì ń wò wọ́n láti òkè. Ìtìjú bò ó bí ẹni tó bọ́ aṣọ sí ojú títì.

"Kí lo ṣe yẹn?" Màmá béèrè.

"Mo dìde ni, Màmá."

"Ta ló ní kí o dìde? Mi ò tíì dá ẹ lóhùn. Mo ṣì ń bá ẹ sọ̀rọ̀!"

Ó mọ̀ pé bí òun bá bẹ̀bẹ̀ báyìí, wọ́n á dárí jì í, wọ́n á fọwọ́ kàn án, kò sì dá a lójú pé Ẹlẹ́rìí ti parí ohun tó ń ṣe. Nítorí náà, ó wá ọ̀rọ̀ tó burú jù tó lè rí.

"Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ máa lọ sílé."

Ojú Màmá pa dà. Kò sí ìbínú níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó kàn dà bíi pé wọ́n ń wá ọmọ kan tí wọ́n mọ̀ lójú obìnrin náà, tí wọn kò rí i mọ́.

"Ìbíyẹmí Láṣebìkan," Ẹlẹ́rìí sọ nínú etí rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. "Gómìnà dìde kí ìdáhùn tó wá. Ó ń fi ẹni tó ni ín pamọ́. Yíyọ orúkọ ti bẹ̀rẹ̀. Yíyọ orúkọ ti parí."

Nǹkan kékeré tó wà nínú etí rẹ̀ kú. Ẹ̀gbà orúnkún kú, wọ́n tún tutù. Lójú fèrèsé, ó rí ògiri ilé òdìkejì níbi tí àwòrán ojú rẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín láti ọdún mẹ́ta. Ó ṣú, ó di ògiri lásán. Tábìlì ìkíni ká ara rẹ̀ jọ. Ẹlẹ́rìí yí ojú gíláàsì rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, bí ẹni pé kò sí ènìyàn níbẹ̀.

"Bísíríyù," ó pè é.

Bísíríyù wo ilẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀ wẹ̀ẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, ẹni tó bá sì dá ẹni tí kò lórúkọ lóhùn mọ ohun tó ń dúró dè é. Ó rìn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

"Ó dáa," Màmá sọ. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Gómìnà. Mo ti gbọ́." Wọ́n gbé ọ̀rá róbó sórí àga, nítorí kò sí tábìlì mọ́. "Jẹ ẹ́ kó tó bàjẹ́."

Wọ́n fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn. "Fẹ̀hìntọlá," wọ́n sọ fún un.

Gómìnà, ẹni tó ti jẹ́ gómìnà, mú èémí dání. Ilẹ̀kùn ṣí. Ilẹ̀kùn ṣí fún orúkọ wọn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo ayọ̀. Màmá jáde, Bísíríyù tẹ̀ lé wọn, gíláàsì ilẹ̀kùn náà sì pa dà dé. Ìgbà náà ló tó sáré lọ síbẹ̀.

"Ìbíyẹmí," ó sọ.

Ilẹ̀kùn kò mira.

"Ìbíyẹmí Láṣebìkan. Ìbíyẹmí ni mí." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì rántí ohùn bàbá kan níwájú ẹ̀rọ omi. Ó pa ẹnu dé. Ìbẹ̀rù mú un láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Òùngbẹ ti ń gbẹ ẹ́.

Ní òdìkejì gíláàsì, Màmá ń lọ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ̀yìn wọn tẹ̀ ju bó ṣe wà nígbà tí wọ́n wọlé lọ. Wọ́n dúró. Ó mọ ìdí tí wọ́n fi dúró. Bí inú bá tilẹ̀ bí wọn tó báwo, wọ́n ń retí pé kí ọmọ wọn sìn wọ́n dé ìta, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń bọ̀. Wọ́n yíjú pa dà.

Orúnkún rẹ̀ kanlẹ̀.

Kò rò ó. Ó tún ṣe é, lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ kan náà, bí òmùgọ̀. Lórí ilẹ̀ ló ti wá rántí. Ṣé òfin ka ìkúnlẹ̀ ẹni tí kò lórúkọ? Òun ló gbé òfin náà wá, òun ló dí gbogbo ihò rẹ̀, kò sì rántí. Ó di ẹ̀gbà méjèèjì mú, ó ń mi orí sí ìyá náà pé rárá, rárá, ẹ má sọ ọ́.

Màmá rí i. Wọ́n rí ọmọ tó ń sunkún lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn gíláàsì, ojú wọn sì rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Gíláàsì náà kì í jẹ́ kí ohùn kọjá, ṣùgbọ́n ó rí ètè wọn.

Dìde, ọmọ mi.

Ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀ ọrùn wọn. Iná aláwọ̀ ewé náà ti kú lẹ́ẹ̀kan, bó ṣe máa ń kú kí ó tó tún ṣẹ́jú, kò sì mọ̀ bóyá ìyẹn ni ti ìkẹyìn. Kò mí. Kò gbàdúrà, kò rántí àdúrà kankan.

Iná náà ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú.

Ìgbà náà ni ó tó dìde.